Èmi Ni Mo Túmọ̀ Ràmátù Jáde Kúrò Nínú Kíláàsì

Ọdún tí wọ́n ṣí kíláàsì kékeré fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu wọn ní Sokodé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìjà pẹ̀lú. Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Kambolé, ìlú wa, nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ń wa iṣu, àwọn obìnrin ń rù ú lọ sójú títì, ẹrẹ̀ sì kún ọ̀nà Tchamba débi pé bí alùpùpù méjì bá forí sọra wọn, kò sí ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sẹ̀ndíkà, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́, tí ẹ ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ń retí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́, ọdún tí a ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti Sokodé dé Tchamba, ọjọ́ tí wọ́n yin tajútajú lù wá tí atẹ́gùn sì gbé e padà sójú àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn. Ìtàn yẹn dùn. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi ń sanra lẹ́nu mi. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò dùn rárá. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, àwọn tó jà á kò kún bọ́ọ̀sì kan. Ó ń rí mi lára. Ohun tó sì ń rí mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ipa tí èmi fúnra mi kó.

Lásísì àti Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ ti Ṣakí wá, ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ló lé wọn kúrò lóko wọn. Wọ́n gba inú Bẹ̀nẹ̀ kọjá, wọ́n dé Kambolé, wọ́n gba yàrá kan nínú agbo ilé ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú, Lásísì sì ń dá oko iṣu lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a. Èdè tiwọn àti tiwa, ọmọ ìyá ni. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, a gbọ́. Bí àwa bá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á sì gbọ́. Síbẹ̀, ará Kambolé kì í pè wọ́n lórúkọ. "Àwọn ará Nàìjíríà" là ń pè wọ́n, àwa tí àwọn ará Sokodé ń pe àwa náà ní àlejò láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ojú máa ń tì mí bí mo bá rò ó.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dé, Ràmátù, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ràmátù lẹ́wà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí pé ohun tí ọmọ náà kò lè ṣe ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á ní kì í jẹ́ ìpè. Wọ́n á ní kì í wo ojú ẹni. A máa to ṣùkù àgbàdo ní ìlà kan gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, bí adìyẹ bá ta ọ̀kan nù, a ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lẹ́yìnkùlé, a di etí rẹ̀ méjèèjì, a sì wọ abẹ́ ibùsùn lọ. Iṣu sísè lásán ló ń jẹ, èyí tí epo kò kàn rí. Ọ̀rọ̀ kankan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Adúgbò ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn kan ní ìyá rẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún. Àwọn kan ní ta ló mọ ohun tí àlejò gbé wá. Àfáà kan kọ hàntú fún wọn, wọ́n fi fún ọmọ náà mu, ó sì pọ̀ ọ́ sára aṣọ àfáà. Ìyá Lásísì pe Sìfáwù lórí fóònù láti Ṣakí pé kí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé, kí ó tètè bí òmíràn. Sìfáwù sọ fún mi pé òun rọra gbé fóònù náà sórí ẹní, òun sì jáde lọ fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé èsì wo ló fún ìyá ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ọmọ ẹni kò lè burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, ni mo ṣe lọ fọ aṣọ."

Nọ́ọ̀sì kan ní Tchamba ló kọ́kọ́ fún nǹkan náà lórúkọ. Ó jókòó ti Ràmátù nílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní otísìmù ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe àrùn tó ń ranni, ọ̀nà tirẹ̀ ni ọmọ náà ń gbà wo ayé, àti pé bí wọ́n bá tètè bá a ṣiṣẹ́, yóò kọ́ nǹkan púpọ̀. Ó tẹnu mọ́ "bí wọ́n bá tètè" yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣí kíláàsì kan fún irú wọn ní Sokodé. Lásísì ní ìyàwó òun sunkún lẹ́yìn òun lórí alùpùpù títí àwọn fi dé Kambolé, òun sì rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìgbà tí wọ́n délé ló tó yé òun. Inú obìnrin náà dùn pé nǹkan náà ní orúkọ, àti pé orúkọ náà kì í ṣe tòun.

Báyìí ni wọ́n ṣe wá bá mi ní Sokodé. Wọn kò gbọ́ Faransé, wọ́n fẹ́ kí n máa túmọ̀ fún wọn. Ìyá Sẹ̀ndíkà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé bí Ìyá Sẹ̀ndíkà bá bá ènìyàn wọ biró, ilẹ̀kùn biró náà kì í tì. Mo gbọ́ oríkì yẹn, orí mi wú. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Biró tó ń yan àwọn ọmọ fún kíláàsì náà ní ká wá ní aago mẹ́jọ. Aago kan ọ̀sán kọjá dáadáa kí wọ́n tó pè wá wọlé. Lásísì wọ agbádá ọdún iléyá. Sìfáwù ti di irun ọmọ náà ní kòlẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ràmátù kì í fẹ́ kí ọwọ́ kan òun lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ fi di í, kí àwọn ará biró má baà sọ pé ọmọ náà kò rí ìtọ́jú. Lọ́jọ́ náà, Ràmátù kò ké. Ó rí ìlà tó wà láàárín táìlì ilẹ̀ biró, ó sì ń fi ìka tẹ̀lé e kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Madamu tó ń bi wá ní ìbéèrè kò burú ní ojú. Ó ń mu nǹkan tútù nínú ike, fóònù rẹ̀ ń pariwo lórí tábìlì, ó sì ń fi ojú kan wò ó. Ó bi pé báwo ni ọmọ náà. Lásísì ní, "A dúpẹ́." Mo túmọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń jẹun? Lásísì ní, "Alihamudulilahi, ó ń jẹun." Mo túmọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń sùn? Ó ní Ọlọ́run ń bá wọn ṣe é. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu nílé? Lásísì wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Ọmọ kì í yọ òbí lẹ́nu." Mo túmọ̀ ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilé rere, bí ẹ̀yin náà ì bá ti dáhùn nìyẹn. Ẹni tí ẹ kò rí rí bi yín bí ara ti rí, ẹ kò ní da ìdọ̀tí ilé yín sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ yóò tún béèrè. Yóò fa àga rẹ̀ sún mọ́ yín, yóò ní ṣé kò sí o, ṣé kò sí nǹkan kan? Nígbà náà lẹ ó tó mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò sì jẹ́ sọ àléébù ọmọ létí ọmọ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo mọ gbogbo èyí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nínú gbogbo wa tó wà ní yàrá náà, èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè méjèèjì, èmi nìkan ni mo lè sọ fún madamu náà pé, jọ̀wọ́, tún un bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

N kò sọ ọ́. Ní sẹ̀ndíkà, a ti kọ́ wa pé ẹni tó ń túmọ̀ kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn: ohun tí ọ̀gá wí ni kí o wí, ohun tí òṣìṣẹ́ wí ni kí o wí, má fi tìrẹ kún un. Mo ti fi òfin yẹn bá àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín jà nígbà kan. Kí n má sì parọ́ fún yín, Faransé mi mọ́ gaara lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Madamu náà ní n kò ní ohùn abúlé rárá. Sìfáwù la ẹnu lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Mo rí i. Ṣùgbọ́n madamu ti ṣí ewé ìwé kejì, ó sì fi ibi tí mo máa fọwọ́ sí hàn mí. Mo fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri ìta. Orúkọ Ràmátù kò sí níbẹ̀. Mo fi ìbínú wọ inú biró lọ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí wọ́n mú ìwé ọmọ náà wá kí n rí i. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ ẹ̀pà, kò bá mi jiyàn. Ó yọ ìwé náà, ó sì yí i sí ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní Faransé ni *Rien à signaler. Parents satisfaits.* Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan láti sọ, inú àwọn òbí dùn. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí mi tó rí wínníwínní.

Akọ̀wé náà ní, "Ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀, àbí?" Ó wá fi kún un, bó ti ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà nù kúrò lórí tábìlì, pé bí àwọn ará Nàìjíríà bá tiẹ̀ ní ìṣòro, ṣebí wọ́n ní ìlú tiwọn.

Gbólóhùn kejì yẹn ni mo rọ̀ mọ́. Mo jáde, mo bá Lásísì àti Sìfáwù lábẹ́ òòrùn, mo ní wọ́n kò gba ọmọ yín nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò. Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òótọ́. Mo gé òótọ́ náà sí méjì, mo fi èyí tó kàn mí sínú àpò. Lásísì ní a dúpẹ́. Sìfáwù gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, mo sì ń wo ẹ̀yìn wọn, ìwà mi ń tì mí lójú. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo sá fún eérú tèmi, mo sì ń wá ẹni tí mo máa jà fún kí n lè gbàgbé.

Agostí ni mo pè. A jọ ṣe sẹ̀ndíkà nígbà tí àwa méjèèjì ṣì jẹ́ olùkọ́ àbọ̀-owó. Nígbà yìí, ó ń wá ìbò láti wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó ọ̀pọ̀ èrò wá sẹ́nu ọ̀nà biró náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fèrè, àti àwọn obìnrin tó ń lu ìkòkò irin. A kọ ọ́ sára aṣọ funfun pé ọmọ kò ní orílẹ̀-èdè. Àgbà ń jó, ọmọdé ń jó. Inú mi dùn. Ẹsẹ̀ mi ṣì rántí ijó ìjà.

Sìfáwù dúró jìnnà lẹ́bàá ògiri, Ràmátù lẹ́yìn rẹ̀, ìborùn bo ọmọ náà lórí. Mo lọ pè é pé kó bọ́ síwájú. Ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ariwo ńkọ́?" Mo dá a lóhùn pé ìjà tí kò ní ariwo kì í dé etí ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, fún ìyá ọmọ tó ń sá fún ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo. Mo mọ̀ pé ó ń sá fún un. Mo ti fi ojú mi rí i lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ìjà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ jà láyé mi, ariwo ni, n kò sì rò pé àwọn tí à ń jà fún lè jẹ́ ẹni tí ariwo ń pa.

Agostí gba ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kó tó lè wí pé rárá. Ó gbé e sókè fún àwọn tó ń ya fọ́tò, bí ẹni ń gbé iṣu ńlá han oníbàárà. Ràmátù na gbọnrangandan. Ó fi eyín gbá ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó lọ. Ìtọ̀ ń ro sára agbádá Agostí, igbe tó ń bọ́ lẹ́nu ọmọ náà sì bo ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́lẹ̀. Fóònù bíi ogún ló wà lókè tí wọ́n ń yà á. Kò sí ẹni tó rántí dá fèrè dúró. Sìfáwù já ọmọ rẹ̀ gbà, ó fi ìborùn wé e láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń rìn lọ láìwẹ̀yìn. Ọ̀gá biró náà, tó ń wò wá láti ojú fèrèsé, jáde wá sọ fún mi pẹ̀lú sùúrù pé, "Madamu, ẹ ti rí i fúnra yín. Kíláàsì wa kò lè gba irú èyí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara ọmọ náà le ju kí wọ́n gbà á lọ. Nígbà yìí, kò le tó. Ìríra kọ́ ni mo máa pe ohun tó gbà mí lọ́kàn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, fọ́tò náà ti dé Kambolé, ó ti dé Goubi nítòsí wa, orúkọ Agostí wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wọlé ìbò náà. N kò tíì rí i kó bi mí léèrè ọmọ yẹn láti ọjọ́ náà.

Mo rò pé ó ti parí. Sìfáwù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, kò sì bi mí. Ní ọjọ́ tí a ń jó lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí ìyá mìíràn mẹ́ta tí ọmọ wọn rí bíi tirẹ̀: Kotokoli méjì, Hausa kan. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, òun kò gbọ́ Tem tí àwọn Kotokoli ń sọ, Hausa ọjà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti pinnu. Àwọn yóò jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ biró náà pẹ̀lú àwọn ọmọ, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí i títí tí wọ́n á fi tì í, lójoojúmọ́, títí wọ́n á fi tún àwọn bi ní ìbéèrè. Kò sí orin, kò sí fèrè. Ó ní kí n wá bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ̀rọ̀.

Mo lọ. Èmi tí mo ti sọ̀rọ̀ níwájú mínísítà, mo jókòó lórí ẹní, mo pa ẹnu mọ́. Ìyá kọ̀ọ̀kan gbé ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn wá. Ọmọ kan ń yí ìdérí ìkòkò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ràmátù mú ìdérí ìgò wá, ó sì tò wọ́n ní ìlà kan láti ògiri dé ògiri, gba iwájú ilẹ̀kùn ọ̀gá. Wọ́n rán ọlọ́dẹ sí wa pé ká kó o kúrò. Sìfáwù ní kí ọlọ́dẹ kó o fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọmọ náà, ó ronú kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ gbohùngbohùn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, gbogbo òṣìṣẹ́ biró náà, títí kan ọ̀gá pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán, ń gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá lórí ìdérí ìgò. Kò sí ẹni tó ta ọ̀kan nínú wọn. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún ìlà ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá náà ní kí a wọlé, èmi, Sìfáwù àti Lásísì tó wá bá wa lọ́jọ́ náà. Madamu ìjọ́sí wà níbẹ̀. Ó ti rẹ ọ̀gá náà. Ó fa ìwé kan yọ, ó ní ẹ̀sùn wa kò tọ̀nà, pé kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni nítorí ìlú rẹ̀, ohun tí àwọn òbí fúnra wọn sọ ni wọ́n kọ. Ó kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka han ibi tí orúkọ mi wà.

Sìfáwù kọjú sí mi. "Màmá, kí ni wọ́n wí?"

Kò sí ẹlòmíràn tó lè túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe Ràmátù, pé inú yín dùn, pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Lásísì ṣí fìlà, ó tún un dé. Sìfáwù wò mí pẹ́, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Mo rò pé yóò bú mi. Ì bá bú mi.

Ó ní, "Ẹ túmọ̀ èyí náà. Ẹ má yọ nǹkan kan."

Ó wá kọjú sí madamu náà. Ó ní, "Ara ọmọ mi kò le. Kì í sùn, àwa náà kì í sùn. Ó ń bu ara rẹ̀ jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di irun tí ẹ rí lórí rẹ̀ níjọ́sí, kí ẹ má baà pè mí ní ìyá burúkú. Mo ti gbàdúrà rí pé kí ó sùn kó má jí mọ́, mo sì gbá ara mi létí nítorí àdúrà náà. Ọkọ mi sọ fún yín pé a dúpẹ́ nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé. A kò dúpẹ́, madamu. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò dúpẹ́."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Lásísì ti fi fìlà bo ojú. Madamu náà yí fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Sìfáwù, ó sì bi í lẹ́ẹ̀kejì, pé báwo ni ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrè ibẹ̀, nítorí èrè wà. Wọ́n tún bi àwọn òbí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìbéèrè. Láti ìgbà náà, biró yẹn kò gbọdọ̀ parí ìwé ọmọ kankan ní ìjókòó kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé rẹ̀, kí wọ́n bi àwọn òbí ní èdè tiwọn, kí wọ́n sì tún padà wá bi wọ́n. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, mo ní ẹ̀dà kan. Nínú gbogbo ìwé tí mo jà gbà láyé mi, ìyẹn ni mo rò pé ó wúlò jù, èmi sì kọ́ ni mo jà á gbà.

Ṣùgbọ́n kíláàsì ti kún. Wọ́n ní kí Ràmátù dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ rántí ohun tí nọ́ọ̀sì Tchamba tẹnu mọ́. Ọdún kan gbáko, ọmọ náà ń to ṣùkù ní Kambolé, nígbà tó yẹ kí ẹnìkan ti máa kọ́ ọ bí a ti ń fi ọwọ́ béèrè omi. Títí di òní, kò sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní Kambolé, kò sí ní Tchamba, kò sí ní Goubi. Lórí alùpùpù ni ìyá rẹ̀ ń gbé e lọ sí Sokodé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, yálà òjò ni o, yálà ọyẹ́ ni. Lásísì ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ́kọ́ kí i. Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn títí, ọrùn ń ro mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ túmọ̀ fún ẹnìkan, ẹ má fi òfin sẹ̀ndíkà ṣe ìbòjú. Ẹ ní kí wọ́n tún un béèrè. Bí ẹ bá sì ṣe é tì, ẹ tètè sọ ọ́ kí ìwé tó sọ ọ́.

Ọjọ́ tí Ràmátù kọ́kọ́ wọ kíláàsì, mo wá bá Sìfáwù ní Kambolé lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ó ń gún iyán fún ọkọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, mo ní kó dárí jì mí fún ọdún tí mo mú kí ọmọ rẹ̀ pàdánù. Ó fi ọmọ odó sílẹ̀, ó yára fà mí dìde, nítorí pé ọmọ ilé rere ni.

Ó ní, "Èyí tí ẹ ṣe sí mi, mo ti fi jì yín. Ọdún yẹn kọ́ ni tèmi. Ràmátù ló ni ín. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀rọ̀ sọ ná, kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́."

Ràmátù ti ń lọ sí ọdún keje báyìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló lè sọ: omi, iṣu, ìyá, rárá. Mo ń dúró.